Yíyọ Orúkọ Kò Bo Àṣírí

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn oníròyìn ilé-iṣẹ́ The Markup ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ìkànnì 100 ilé-ìwòsàn tí ìwé ìròyìn Newsweek kà sí èyí tó dára jù lórílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ṣí ìkànnì wọ̀nyí, wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí aláìsàn fi ń gba ọjọ́ tí yóò rí dókítà, wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tí búráúsà wọn ń fi ránṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nínú 100 náà, 33 ló ń ta Facebook lólobó. Lórí ìkànnì kan, bí wọ́n ṣe tẹ bọ́tìnnì náà báyìí, Facebook gba ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀, ó gba orúkọ dókítà, ó sì gba ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá dókítà: oyún ṣíṣẹ́. Kò sí nọ́ọ̀sì tó tú ọ̀rọ̀ aláìsàn síta, kò sì sí ọ̀gá ilé-ìwòsàn tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ìlà kóòdù mélòó kan tí wọ́n ń pè ní Meta Pixel ló ṣe gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n fi sórí ìkànnì náà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìpolówó tí wọ́n sanwó fún ń mú oníbàárà wá.

Bí irú nǹkan báyìí bá hàn síta, ìdáhùn kan náà ni àwọn tó ń kó ìsọfúnni jọ sábà máa ń fún aráàlú: wọn ò gba orúkọ ẹnikẹ́ni, wọn ò mọ Àjọkẹ́ yàtọ̀ sí Sùnmọ́nù, nọ́ńbà lásán ló wà lọ́wọ́ wọn. Èmi gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rí tó ti ń jáde láti àwọn ọdún 1990 fi hàn pé orúkọ ló rọrùn jù láti yọ kúrò nínú àkọsílẹ̀, yíyọ rẹ̀ ló sì ń dáàbò boni kéré jù. Ibi tí èèyàn ń lọ, ohun tó ń kà, àkókò tó ń kà á àti fóònù tó fi ń kà á ti tó láti júwe rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ohun tó ń kà bá sì jẹ mọ́ àìsàn, àpèjúwe yẹn lè ṣe é ní ibi tí orúkọ lásán kò lè ṣe é.

Ìtọpa yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ète burúkú. Nígbà tí Tim Berners-Lee dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní ilé-ìwádìí CERN ní Switzerland, ó ṣe é lọ́nà tí kò fi ní iyè nínú rárá. Búráúsà béèrè ojú ìwé kan, sáfà fún un, ọ̀rọ̀ parí. Bí búráúsà kan náà bá tún béèrè ojú ìwé kejì lójú ẹsẹ̀, àlejò tuntun ló jẹ́ lójú sáfà. Èyí dára fún ẹni tó fẹ́ kàwé, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi tajà, torí ẹni tó ti mú bàtà sínú agbọ̀n kò yẹ kó di àjèjì nígbà tó bá fẹ́ sanwó. Ní 1994, Lou Montulli, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Netscape, wá ojútùú sí i: kí sáfà fún búráúsà ní àmì kékeré kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, kí búráúsà sì máa fi í hàn ní gbogbo ìgbà tó bá padà wá. Òun ni a ń pè ní kúkì títí dòní. Kúkì ló ń jẹ́ kí ẹ wọ inú ímeèlì yín lẹ́ẹ̀kan, kí ó má tún máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé ní gbogbo ojú ìwé. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti bínú sí i bó ṣe wà nígbà náà.

Ìkànnì tó fúnni ní kúkì nìkan ló lè kà á, èyí sì jọ ààbò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé ojú ìwé kan kì í sábà wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Àwòrán ìpolówó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Búráúsà yóò lọ bá ilé-iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ láti gba àwòrán náà, yóò sọ ojú ìwé tó ti ń bọ̀, yóò sì gba kúkì tiwọn náà dání. Ká sọ pé ẹ wọ ọjà Bódìjà. Kò sóhun tó burú bí ìyá aláta bá dá yín mọ̀, tó sì rántí iye ata tí ẹ máa ń rà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá dúró síbi ìsọ̀ aláta, tí ọkùnrin yẹn kan náà tún wà níbi ìsọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ, tó wà nílé ẹlẹ́mu, tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan pé ẹni tó wọ bùbá aláró yẹn ló tún dé, ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ti ju ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ọjà mọ̀ lọ. Kò sì bi yín léèrè orúkọ.

DoubleClick, ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ dídúró síbi gbogbo yìí di òwò ńlá láàrin ọdún 1995 sí 2000. Ní 1999, ó da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ Abacus Direct, tó ní àkọsílẹ̀ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó ń ra ọjà láti inú ìwé àkójọ ọjà, ó sì ń gbèrò láti so orúkọ wọ̀nyẹn mọ́ ohun tí kúkì rẹ̀ ti rí. Ariwo sọ, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìṣòwò bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, DoubleClick sì fà sẹ́yìn ní ọdún 2000. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé orúkọ ló dá ariwo náà sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi jẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n ń tọpa, ọ̀pọ̀ aráàlú kò wí nǹkan kan, orí àṣà yẹn sì ni òwò náà ti dàgbà. Nígbà tí Google kéde ní 2007 pé òun yóò ra DoubleClick ní bílíọ̀nù 3.1 dọ́là, òwò náà ti tóbi ju ohun tí ariwo lè lé padà lọ. Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì "Like" ti Facebook dé sórí àìmọye ìkànnì, tó ń ròyìn fún Facebook pé èèyàn kan dé ibẹ̀ bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Pixel tó wà lórí ìkànnì àwọn ilé-ìwòsàn yẹn, inú ìdílé kan náà ló ti wá. Àwọn tó kọ́kọ́ lo irú rẹ̀ fi í pamọ́ sínú àwòrán tí kò ní àwọ̀, tí kò ju ẹyọ àmì kan lọ lójú kọ̀ǹpútà, tí ojú èèyàn kò lè rí.

Kúkì tilẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ lè pa gbogbo kúkì rẹ́ lónìí, kí fóònù yín ṣì máa júwe ara rẹ̀ fún gbogbo ìkànnì tí ẹ bá ṣí: irú fóònù tó jẹ́, èdè tó wà lórí rẹ̀, ìbú àti gígùn ojú rẹ̀, aago agbègbè tó ń lò, lẹ́tà ìkọ̀wé tó wà nínú rẹ̀, àti nọ́ńbà IP tó sábà máa ń fi agbègbè tí ẹ wà hàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jọ àṣírí. Ní 2010, Peter Eckersley ti àjọ Electronic Frontier Foundation kó irú àmì wọ̀nyí jọ láti ara búráúsà tó tó 470,000, ó sì rí i pé 83.6 nínú 100 wọn ni kò ní ìkejì nínú gbogbo àkójọ náà. Ó yẹ kí n sọ pé àwọn tó gbé búráúsà wọn wá fún un jẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára, kọ̀ǹpútà irú wọn sì lè yàtọ̀ sí ti ará ìlú. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí ní Faransé tún un ṣe lórí búráúsà tó lé ní mílíọ̀nù 2, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2018, àwọn tó dá yàtọ̀ kò ju 33.6 nínú 100 lọ, ti fóònù sì tún kéré sí i. Àwọn kan ti di èsì kejì yìí mú láti sọ pé ẹ̀rù náà ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí àmì wọ̀nyí kò bá tíì ya ẹnì kan sọ́tọ̀, ó ti sọ ọ́ di ọ̀kan nínú èèyàn mélòó kan, nọ́ńbà IP àti àkókò ni yóò sì parí ìyókù. Kò sí atọpa tó ń gbẹ́kẹ̀ lé àmì kan ṣoṣo.

Ẹ má sì rò pé ìlànà Incognito inú Chrome, búráúsà Google, ló máa gbà yín. Ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí àwọn tó ń bá yín lo fóònù kan náà rí ibi tí ẹ dé. Kò bo yín lójú ìkànnì tí ẹ lọ. Ní 2020, àwọn kan gbé Google lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó sì di 2024, Google gbà láti pa àkọsílẹ̀ tó jẹ́ ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù rẹ́.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá àkọsílẹ̀ tí kò lórúkọ lè padà bá ẹni tó ni ín. Ìtàn méjì ló dá mi lójú jù lórí èyí. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àjọ tó ń rí sí ìtọ́jú ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Massachusetts fún àwọn olùṣèwádìí ní àkọsílẹ̀ ìgbà tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ sílé-ìwòsàn. Wọ́n ti yọ orúkọ àti àdírẹ́sì. Gómìnà William Weld fi aráàlú lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu. Latanya Sweeney, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT nígbà náà, fi 20 dọ́là ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge tí Gómìnà ń gbé. Èèyàn mẹ́fà péré nínú ìwé náà ni wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Gómìnà, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọkùnrin, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọkùnrin náà ló sì ń gbé ní agbègbè tí nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ bá ti Gómìnà mu. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn Gómìnà àti oògùn tí wọ́n kọ fún un ṣe bọ́ sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Sweeney tún ṣírò lẹ́yìn náà pé ọjọ́ ìbí, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ti tó láti ya èèyàn 87 nínú 100 sọ́tọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ìtàn kejì ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2006. Ilé-iṣẹ́ AOL kó ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó tó 650,000 ti wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàrin oṣù mẹ́ta síta fún àwọn olùṣèwádìí, ó tó mílíọ̀nù 20 ìbéèrè. Nọ́ńbà ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ wà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn oníròyìn New York Times fi tọpa ọ̀kan nínú nọ́ńbà náà dé ọ̀dọ̀ obìnrin àgbà tó ni ín. Kò sí idán nínú rẹ̀: obìnrin náà ti wá àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé tirẹ̀, ó sì ti wá àwọn oníṣẹ́ ọgbà ní ìlú tó ń gbé. Ohun tó sọ fún wọn ló yẹ kó dá àwa tí ọ̀rọ̀ ìlera jẹ lógún dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àìsàn tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá wá ìmọ̀ kiri. Ẹni tó bá ra irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ka obìnrin tí ara rẹ̀ le sí aláìsàn, kò sì ní sí ọ̀nà tí obìnrin náà yóò gbà mọ̀ ká tó sọ pé yóò tako ó. Ìyẹn ni pé àkọsílẹ̀ aláìlórúkọ lè tú àṣírí ẹni, ó sì tún lè purọ́ mọ́ni.

Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e kò ṣe ju pé wọ́n fìdí èyí múlẹ̀ lọ. Ní 2013, Yves-Alexandre de Montjoye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìrìn fóònù mílíọ̀nù 1.5 èèyàn wò fún oṣù 15, wọ́n sì rí i pé ibi mẹ́rin péré tí èèyàn wà, pẹ̀lú wákàtí tó wà níbẹ̀, ti tó láti ya 95 nínú 100 wọn sọ́tọ̀. Ní ìparí 2019, àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù àwọn ará Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 12 rìn dé bọ́ sọ́wọ́ New York Times. Kò sí orúkọ kan nínú rẹ̀. Ibi tí fóònù ń sùn lóru ni ilé, ibi tó ń wà lọ́sàn-án ni ibi iṣẹ́, mélòó sì ni ẹni tó ń ti ilé yẹn lọ síbi iṣẹ́ yẹn?

Ní Nàìjíríà, dídá ẹni mọ̀ tilẹ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí nọ́ńbà fóònù. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ń béèrè fún un kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ ṣe ohunkóhun, láti ọdún 2020 sì ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so gbogbo síìmù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó máa ń sọ pé àwọn kì í gba nọ́ńbà náà bó ṣe wà. Ìṣirò kan ni wọ́n ń fi lọ̀ ọ́ kúnná kó tó kúrò lórí fóònù, títí yóò fi di àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀, tí kò sì ṣeé dá padà. Òótọ́ ni pé a kò lè dá ìṣirò náà padà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà kò lè mú èsì méjì jáde. Ilé-iṣẹ́ tó bá sì ti ní nọ́ńbà yín lọ́wọ́ látijọ́ yóò kàn lọ̀ tirẹ̀ náà kúnná, yóò fi méjèèjì wéra, yóò sì dá yín mọ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní nǹkan kan lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí 070, 080, 081, 090 àti 091, kó ṣírò gbogbo nọ́ńbà tó lè wà lábẹ́ wọn. Wọn kò tó bílíọ̀nù 1, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan yóò sì parí wọn láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan. Àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ìṣòwò, èyí tó wádìí DoubleClick, kìlọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní 2024 pé irú ìlọ̀kúnná bẹ́ẹ̀ kò sọ ìsọfúnni di aláìlórúkọ. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn aláṣẹ tiwa náà sọ ọ́ ketekete.

Ẹni tó bá kà dé ibí lè sọ pé òun kò jalè, òun kò pààyàn, òun kò ní ohun tí òun ń fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀, àwọn olóòótọ́ èèyàn ló sì ń sọ ọ́. Àmọ́ gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn, ohun tí a kò sì sá sóòrùn kì í ṣe aṣọ olè. Obìnrin tó ti wà nílé ọkọ fún ọdún márùn-ún tí kò tíì bímọ, tó ń ka ojú ìwé nípa ìtọ́jú àìrọ́mọbí lóru, kò dẹ́ṣẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó, tó ń wá ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bá jẹ́ AS, kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò kòkòrò HIV ń ṣe ohun tí àwa tí à ń kọ ìwé ìlera ń bẹ̀bẹ̀ pé kó ṣe. Àṣírí wọn wúlò fún wọn torí àwùjọ tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ba ìgbéyàwó jẹ́, ó lè fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ìbẹ̀rù bá sì wá mú kí ẹnì kan má béèrè mọ́, àìsàn rẹ̀ ni yóò máa gbilẹ̀.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ìbéèrè wọn kò mọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan. Bí ojú ìwé tó ní àyè ìpolówó bá ti ń ṣí lọ́wọ́, ìtajà gbàǹjo kan máa ń wáyé kó tó ṣí tán: wọ́n á fi ojú ìwé tí ẹ wà, irú fóònù yín àti agbègbè yín ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí olúkúlùkù sọ iye tó fẹ́ san láti fi ìpolówó rẹ̀ hàn yín. Ẹnì kan ni yóò jáwé olúborí, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí wọ́n pè síbẹ̀ ló ti gba ìsọfúnni náà. Àjọ Irish Council for Civil Liberties ṣírò ní 2022 pé èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ará Amẹ́ríkà kan ní ìgbà 747 lóòjọ́, àti ìgbà 376 fún ará Yúróòpù. Lẹ́yìn tó bá ti jáde báyìí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun mọ ibi tó dé.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó. Àwọn onímọ̀ ìṣòwò sọ pé ìpolówó ló ń jẹ́ ká ka ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́, pé bí a bá dá ìtọpa dúró, àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ kú. N kò fojú kékeré wo àtakò yìí. Ṣùgbọ́n ìpolówó àti ìtọpa kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó ń polówó ajílẹ̀ lè gbé e sójú ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa oko láìmọ ẹni tó ń kà á, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn kí kúkì tó dé. NPO, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti ìjọba ní Netherlands, jáwọ́ nínú ìpolówó tó ń tọpa èèyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, owó tó ń wọlé fún un láti orí ìkànnì rẹ̀ sì pọ̀ sí i dípò kó dín kù. Ilé-iṣẹ́ kan kò tó láti fi dájọ́ fún gbogbo ayé, àwọn tó kéré sì lè má rí èrè kan náà. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ìparun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" gan-an ní láti ní ìdiwọ̀n lọ́dọ̀ wa, nítorí kóòdù atọpa wọ̀nyí máa ń jẹ dátà kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra dátà ní Ìlọrin tàbí ní Kútọnu ló ń sanwó ọkọ̀ fún ẹni tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Wọ́n á tún ní ẹ ti fọwọ́ sí i, ẹ sáà tẹ "Mo gbà". Ilé ẹjọ́ àgbà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dá apá kan èyí lóhùn nínú ẹjọ́ Planet49 ní oṣù Kẹwàá 2019: àpótí tí wọ́n ti fàmì sí tẹ́lẹ̀ fún oníbàárà kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, CNIL, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ní Faransé, bu ìtanràn mílíọ̀nù 150 owó yúrò lé Google àti mílíọ̀nù 60 lé Facebook, torí pé títẹ̀ kan ṣoṣo ló gba èèyàn láti gba kúkì, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀pọ̀ títẹ̀ láti kọ̀ ọ́. Èmi fẹ́ lọ jìnnà ju ibi tí wọ́n dé lọ. Ìfọwọ́sí dúró lórí pé ẹni tó ń fọwọ́ sí i mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Bí àwọn tó ní ilé-ìwòsàn gan-an kò bá mọ ohun tí Pixel ń kó jáde lórí ìkànnì wọn, kí ni aláìsàn tí orí ń fọ́ yóò mọ̀ tí yóò fi lè gbà tàbí kọ̀?

Àwọn kan nílé wa gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé kò sẹ́ni tó ń wá nǹkan kan lára wa. Òfin ilẹ̀ wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ààbò Ìsọfúnni Nàìjíríà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 ka àmì ìdánimọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ìsọfúnni tó jẹ́ ti ẹni, bó ṣe ka orúkọ mọ́ ọn, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìlera sínú ẹ̀ka tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Orílẹ̀-èdè Benin ti ní òfin lórí ẹ̀rọ ayélujára láti 2018, pẹ̀lú àjọ tó ń mójú tó ìsọfúnni aráàlú. Ní oṣù Keje 2024, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí bó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn tó ń lo WhatsApp ní Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì fọwọ́ sí i ní 2025. Ní oṣù Kẹjọ 2024, NDPC, àjọ tí òfin 2023 gbé kalẹ̀, bu mílíọ̀nù 555.8 náírà lé Fidelity Bank, ó ní báǹkì náà ń lo kúkì àti áàpù láti kó ìsọfúnni jọ láìgba àṣẹ tó yẹ. Báǹkì náà sọ pé òun kò rú òfin. Ẹni yòówù kó jàre, èyí tó ṣe pàtàkì ni pé kúkì ti di ohun tí àjọ ìjọba ń torí rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́jọ́ ní Nàìjíríà.

Ẹni kọ̀ọ̀kan lè ṣe díẹ̀. Firefox àti Safari ń dí ọ̀pọ̀ kúkì àjèjì lọ́nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ohunkóhun padà. Chrome, tó jẹ́ ti Google, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: Google ṣèlérí ní 2020 pé òun yóò mú kúkì àjèjì kúrò, ó sún un síwájú léraléra, ní 2024 ó ní òun kò ní mú un kúrò mọ́. Ẹ lè kọ̀ láti fún ìkànnì ní nọ́ńbà fóònù bí kò bá nídìí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbé ẹrù yìí lé aláìsàn lórí. Ẹni tó kọ́ ìkànnì ló mọ ohun tó fi sínú rẹ̀, òun ló sì yẹ kó yọ ọ́. Bí ohun tó fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ iye àlejò tó dé àti ojú ìwé tí wọ́n kà jù, ó lè kà wọ́n láìtọ ẹnì kankan lẹ́yìn. Ẹ̀rọ bíi Matomo ṣeé tò lọ́nà bẹ́ẹ̀, CNIL sì gbà pé irú kíkà bẹ́ẹ̀, bó bá bá ìlànà mu, kò nílò kí wọ́n máa yọ àlejò lẹ́nu fún ìfọwọ́sí. Ilé-ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ilé-oògùn kò yẹ kí wọ́n ní kóòdù ilé-iṣẹ́ ìpolówó kankan lórí ojú ìwé tó dárúkọ àìsàn tàbí tó ń gba ọjọ́ fún dókítà, kódà bí aláìsàn bá tẹ "Mo gbà" nígbà mẹ́wàá. Èyí kò le. Lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn The Markup kọ̀wé sí àwọn ilé-ìwòsàn wọ̀nyẹn, méje nínú wọn ti yọ Pixel kúrò lójú ìwé ìpàdé dókítà kí ìròyìn náà tó jáde. Bọ́tìnnì tí aláìsàn fi ń gba ọjọ́ kò fìgbà kan rí nílò rẹ̀ láti ṣiṣẹ́.